Bí Mo Ṣe Tọrọ Àyè Lẹ́nu Ibodè Ìdí-Ọ̀rọ̀ Nítorí Igi Àgbálùmọ̀ Àyọ̀ká

Ẹ̀yin ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ sún mọ́ra. Kí ẹni tó ń jẹ gúgúrú jẹ ẹ́ tán, kí ẹni tó fẹ́ húkọ́ hú u báyìí, nítorí ìtàn ọdẹ kò yàtọ̀ sí ẹran ìgbẹ́: bí ariwo bá ta lẹ́ẹ̀kan, ó ti sá wọgbó nìyẹn. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ti wo ẹfọ̀n lójú rí tó yà kúrò lọ́nà fún mi, mi ò sì gbé ìbọn sókè. Ìwò ojú lásán ni mo wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ka ìwé dé kíláàsì karùn-ún ní sẹ́kọ́ńdírì kí bàbá mi tó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má rò pé nítorí pé òun ń háyà yàrá nílé mi, òun nìkan ló mọ̀wé níbẹ̀.

Tinúadé ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án òní, ó ju báàgì sórí àga, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Mo bi í pé kí ló dé.

"Bàbá, wọ́n tún dá a padà."

"Kí ni wọ́n dá padà?"

"Ìwé àbá ìwádìí mi ni, bàbá. Kí wọ́n tó gbà wá láyè láti ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ohun tí a fẹ́ wádìí, àti bí a ṣe fẹ́ wádìí rẹ̀, kí olùkọ́ wa fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n dá tèmi padà."

"Kí ni ìwọ ní o fẹ́ wádìí?"

Ó gbé ojú sókè bí ẹni tó fẹ́ ka ìwé níwájú ọba, ó ní, "Ìṣòro ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní, àti ọ̀nà àbáyọ."

Ọ̀jẹ́níyì, ẹ̀yin náà mọ ẹnu rẹ̀, ní, "Ó yẹ kó fi òṣùpá kún un, kó lè pé."

Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti dúró níbi tí Tinúadé dúró yìí rí, kì í sì í ṣe níwájú olùkọ́ ni mo dúró. Níwájú ibodè kan ni. Ohun tí mo lọ wá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìyàwó mi Àyọ̀ká gbin igi àgbálùmọ̀ kan sẹ́yìnkùlé wa lọ́dún tí a bí àkọ́bí wa. Ẹni tí kò jẹ àgbálùmọ̀ Àyọ̀ká kò tíì jẹ àgbálùmọ̀, ó kàn ń fi eyín ṣeré ni. Nígbà tó yá, Àyọ̀ká kú. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀lé e, igi náà yọ òdòdó bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo òdòdó náà gbẹ dànù, kò so ẹyọ kan. Lọ́dún kejì, bákan náà ni. Àwọn aládùúgbò ní igi náà ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó gbìn ín. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ká sòótọ́, ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ti dákẹ́ jù, ó sì sàn kí ènìyàn ní ẹnìkejì nínú ọ̀fọ̀, bí ẹnìkejì náà tilẹ̀ jẹ́ igi.

Àbúrò mi Láṣebìkan, tó ń gbé ní agbo ilé tó tẹ̀ lé tiwa, kò rò ó bẹ́ẹ̀. Igi àgbálùmọ̀ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń so bí ẹni tó ń bú mi. Ó kó mọ̀lẹ́bí jọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, igi tí kò so, igi ìdáná ni. Ẹ jẹ́ ká gé e, ká fi ibẹ̀ kọ́ yàrá fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ kàn yá mi ní àáké yín."

Àáké tèmi ló fẹ́ fi gé igi ìyàwó mi. Ẹ wo irú ènìyàn tí a jọ mu ọmú kan náà.

Gbogbo mọ̀lẹ́bí ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Bí mo bá rí ìdí tí kò fi so ńkọ́?"

Láṣebìkan ní, "Bí ẹ bá rí ìdí rẹ̀, tí igi náà sì so ní ọyẹ́ tó ń bọ̀, mi ò ní fọwọ́ kan ewé rẹ̀ títí ayé. Bí kò bá so, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pọ́n àáké náà sílẹ̀ dè mí."

Ohun tó gbé mi dénú igbó nìyẹn. Bàbá mi ti sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé lẹ́yìn igbó tí ẹyẹ kì í fò kọjá, ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìdí-Ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wọ ìlú náà yóò rí ìdí ohun tó rú u lójú. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo lọ. Ẹ má bi mí nípa ọ̀nà. Ọ̀nà jìn, mo sì rìn ín.

Bí mo ti ń lọ ni mò ń ka ohun tí màá béèrè tí mo bá débẹ̀. Màá béèrè ìdí tí igi mi kò fi so. Màá béèrè ìdí tí ilẹ̀ fi ń gbẹ, ìdí tí ènìyàn rere kì í fi í pẹ́ láyé, ìdí tí ikú kì í fi í gba ẹ̀bẹ̀, àti ìdí tí Láṣebìkan kò fi ní làákàyè. Mo ní ìgbà tí mo bá kúkú ti débẹ̀, kí n kó gbogbo rẹ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan.

Inú èrò yìí ni mo wà tí ọwọ́ kan fi gbé mi nílẹ̀ bí ẹni mú ọmọ adìyẹ.

Iwin kan ni. Orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gbogbo-ni-mo-fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ, gbogbo ọwọ́ náà ló sì di nǹkan mú. Àgbọ̀nrín wà ní ọ̀kan, ọ̀yà wà ní òmíràn, túùkú ń han nínú ẹ̀kẹta, awó ń pa ìyẹ́ nínú ẹ̀kẹrin. Kódà ó fi ìka kékeré kan há ìgbín mọ́ra. Síbẹ̀, ẹ óò ka egungun ìhà rẹ̀. Ebi ti jẹ ẹ́ débi pé ohùn rẹ̀ ń jáde bí afẹ́fẹ́ inú agbè òfìfo.

Ó ní, "Ọdẹ, káàbọ̀. Ọwọ́ kan ló ṣẹ́ kù tí kò ní nǹkan nínú, orí rẹ ló sì bọ́ sí."

Ẹlòmíràn ì bá ké. Èmi ní, "Mo gbọ́. Èwo lẹ máa kọ́kọ́ jẹ nínú wa?"

"Gbogbo yín."

"Gbogbo wa náà ni, mo mọ̀. Mo ní èwo lẹ máa kọ́kọ́ jẹ?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé àgbọ̀nrín súnmọ́ ẹnu, ó rántí túùkú. Ó gbé túùkú wá, ojú rẹ̀ lọ sára ọ̀yà. Ó ní, "Bí mo bá jẹ eléyìí, ìyẹn ńkọ́? Mi ò sì lè bó awọ kankan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé nǹkan kan sílẹ̀." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdẹ, láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń mú wọn. Mi ò jẹ ọ̀kan rí."

Mo ní, "Ẹ gbé èmi sílẹ̀ ná, kí ẹ lè fi ọwọ́ yẹn ronú."

Ó gbé mi sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀ ni mo ti wà lókèèrè. Kì í ṣe pé mo sá. Ẹsẹ̀ ọdẹ a máa yá nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró mí, mo wẹ̀yìn, mo tún rí egungun ìhà rẹ̀ láàrin igi, mo sì rántí gbogbo ẹrù ìbéèrè tí mo dì. Ẹni tó lé eku méjì a pòfo. Èmi ń lé gbogbo eku inú ayé. Ibẹ̀ ni mo ti kó ilẹ̀ gbígbẹ dà nù, mo kó ikú dà nù. Ó ṣòro díẹ̀ kí n tó gbé Láṣebìkan náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e sílẹ̀. Igi kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Ara mi sì fúyẹ́.

Tinúadé, mo rí i pé o ti ń wo ilẹ̀. Máa gbọ́ ná.

Mo rìn títí mo fi dé oríta kan tí ọ̀nà pọ̀ sí bí ìlà inú àtẹ́lẹwọ́. Ìyá arúgbó kan jókòó ní àárín rẹ̀, ó ń sun àgbàdo. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ìpàkọ́ mi lò ń kí."

Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ wà. Mo dìde, mo yí i po, mo tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi jó ní apá kan.

"Ìyá Àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ń pè mí," ó ní. "Mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń bọ̀ tí mi ò rí. Mo rí igi kan lẹ́yìn rẹ. Mo rí obìnrin kan nídìí igi náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mo wo iná.

Ó fún mi ní àgbàdo. "Wò mí dáadáa, ọdẹ. Ṣé ìwọ lẹni àkọ́kọ́ láyé tí igi rẹ̀ kò so?"

Ojú tì mí, nítorí mi ò rò ó rí pé ẹlòmíràn ti la irú rẹ̀ kọjá. Ìbànújẹ́ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, onítọ̀hún a máa rò pé orí òun ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àtẹ̀yìnwá nawọ́ sí àwọn ọ̀nà náà. Ó ní, "Ọkùnrin kan gba ibí kọjá, ó ní ilẹ̀ ló fà á. Ó kó ìgbẹ́ ẹran sídìí igi tirẹ̀ títí igi fi sanra. Kò so. Èkejì ní igi ti darúgbó. Ó gé e, ó wá rí i pé igi náà kéré lọ́jọ́ orí ju ọmọ òun lọ. Ẹ̀kẹta ní ọwọ́ ayé ni. Ó na aládùúgbò rẹ̀, wọ́n mú un dé ààfin, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé igi aládùúgbò náà kò so. Gbogbo wọn wo gbòǹgbò, wọ́n wo èèpo, wọ́n wo ojú aládùúgbò. Kò sí ẹni tó wo òdòdó. Ibi tí wọ́n dúró sí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má tún ọ̀nà wọn tẹ̀."

Mo dúpẹ́. Mo bi í pé kí ni kí n fi san án.

"Ohun kan péré. Níbikíbi tí o bá ti tún ọ̀rọ̀ yìí sọ, sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ mi, tó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló rò ó, ojú rẹ̀ yóò yí sẹ́yìn bíi tèmi."

Èé ti jẹ́, Ọ̀jẹ́níyì? Kí lò ń fọwọ́ kan ọrùn sí?

"Kò sí, bàbá. Ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn nínú ọyẹ́," Tinúadé ní. "Bàbá, gbogbo orí kejì iṣẹ́ rẹ̀, inú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti dà á kọ. Kódà ó da ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sí ìyàwó ara rẹ̀ kọ mọ́ ọn."

Kó lọ tún un kọ kí ọrùn rẹ̀ tó yí. Ẹ jẹ́ n máa bá tèmi lọ.

Mo dé Ìdí-Ọ̀rọ̀. Ògiri yí i ká, ibodè rẹ̀ tì gbọn-in, ọkùnrin mẹ́ta sì jókòó níwájú rẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn ń jẹ́ Kí-ni, ó gbẹ bí igi ọfà, ojú rẹ̀ ń gún ènìyàn. Èkejì ń jẹ́ Èéṣe, ó sanra, ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àbíkẹ́yìn wọn ń jẹ́ Báwo. Eruku kún ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló le koko.

Kí-ni wò mí. "Kí lo ń wá?"

Mo na ìdúró. Mo ní, "Ẹnu ọdẹ kì í ṣáájú ìbọn rẹ̀."

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ìdílé wa nìyẹn. Ọdẹ tó bá dúró lójúde tó ní, "Mò ń lọ pa àgbọ̀nrín," ewé ni yóò gbé wálé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ, Àyọ̀ká gan-an kò bi mí rí. Bí mo bá ń jáde, á kàn ní, "Ó di àbọ̀." Bí mo bá dé, á yẹ àpò wò.

Kí-ni ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó yí ojú kúrò. Ibodè kò mira.

Mo ní mo ti gun òkè rí. Mo gun ògiri náà. Mo gùn ún títí mo fi rí ẹ̀yìn àwọ̀sánmà, àṣá ń fò nísàlẹ̀ mi, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu. Bí mo sì ti ń gùn ni ògiri ń ga sí i. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Èéṣe láti ìsàlẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́:

"Bàbá, èéṣe tí ẹ fi ń gun ohun tó ní ilẹ̀kùn?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí láyé, mi ò rí èyí tó mú mi sọ̀ kalẹ̀ kíá bẹ́ẹ̀.

Inú bí mi. Mo dúró níwájú wọn, mo ju èèwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní, "Ó dára. Igi àgbálùmọ̀ ìyàwó mi kò so mọ́. Ọ̀fọ̀ ìyàwó mi ló ń ṣe. Mo wá mú ẹ̀rí rẹ̀ lọ fún mọ̀lẹ́bí mi, kí wọ́n má baà gé e."

Kí-ni ní, "O ti pa ẹran náà?"

"Rárá."

"O sì ti ń pín in."

Èéṣe ní, "Bí ẹ bá ti mọ ìdí rẹ̀ láti ilé, kí lẹ tún ń rin ìrìn-àjò sí?"

Mo lọ jókòó nídìí ògiri. Mo bú wọn nínú ọkàn mi ní gbogbo èébú tí mo mọ̀, mo sì fi àwọn tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì kún un. Bí mo dákẹ́, wọn ò ṣí. Bí mo sọ̀rọ̀, wọn ò ṣí. Mo rò pé bóyá kí n kúkú padà sílé lọ pọ́n àáké.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo wo ọwọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo já ewé tútù kan. Mo ti dojú rẹ̀ kọ ibodè náà, mo sì ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ló dá a ṣe, nítorí ohun tí mo máa ń ṣe ní gbogbo oríta láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Bí ọdẹ ìdílé wa bá fẹ́ wọgbó, a já ewé, a dojú rẹ̀ kọ ọ̀nà tó gbà. Ewé yẹn ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé: ibí ni mo gbà; ẹ má yìnbọn sí apá ibẹ̀. Irú ewé tí ọdẹ bá já ń sọ irú ọdẹ tó lọ ṣe. Bí ewé bá gbẹ tí ẹ ò rí mi, ẹ wá mi lọ ní ọ̀nà tí ewé kọjú sí. Ewé náà kì í sọ pé mo ti pa ẹran. Kò tilẹ̀ sọ pé màá pa á. Ọ̀nà ni ó ń sọ.

Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, nídìí ògiri. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń kọ ìwé àbá, mi ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Mo dìde, mo padà lọ bá wọn. Mo ní, "Mi ò ní sọ ẹran tí màá gbé bọ̀ fún yín, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Báwo la ẹnu. Ó gbé ègé aṣọ funfun kan àti èédú wá. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yí padà lójú ọ̀nà."

Mo kúnlẹ̀, mo kọ ọ́. Mo kọ pé: "Mo fẹ́ mọ ohun tí kò jẹ́ kí òdòdó igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé Ọdẹ́rìndé di èso. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìyá Àtẹ̀yìnwá sọ pé àwọn tó ṣáájú mi wo ilẹ̀, wọ́n wo ọjọ́ orí igi, wọ́n wo ọwọ́ ayé, kò sí ẹni tó wo òdòdó. Òdòdó ni èmi yóò wò. Ní gbogbo ìgbà tí igi náà bá ń tanná, màá jókòó tì í láti àárọ̀, màá wo ohun tó bà lé e àti ohun tí kò bà lé e. Màá tún lọ jókòó nídìí igi Láṣebìkan tó ń so, kí n lè fi ọ̀kan wé èkejì. Bí òdòdó bá tán, màá padà wá jábọ̀."

Báwo kà á. Ó ní, "Ojú wo lẹ máa fi wò ó?"

"Ojú ọdẹ."

"Ẹran ńlá ni ojú ọdẹ mọ̀. Òdòdó àgbálùmọ̀ kéré púpọ̀."

"Màá sún mọ́ ọn."

Ó mi orí, ó gbé aṣọ náà fún Èéṣe. Èéṣe ní, "Èéṣe tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí?"

"Wọ́n fẹ́ gé e. Bí wọ́n bá gé e láìmọ ohun tó ṣe é, ohun tó ṣe é yóò ṣe igi ẹlòmíràn."

Ó gbé e fún Kí-ni. Kí-ni kà á pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú tó ń gún ènìyàn yẹn sókè. "Ìbéèrè kan ló kù. Bí ìdáhùn bá wá yàtọ̀ sí èyí tí ọkàn rẹ ń fẹ́ ńkọ́? Bí o bá rí i pé igi náà kò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni?"

Mo ti dúró de ẹkùn rí nínú kòríko tó ga jù mí lọ. Ìbéèrè yẹn wúwo jù ú.

Mo ní, "Màá gbà á."

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́. Mo gbé aṣọ náà fún un.

Ibodè ṣí. Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, mo gbé èkejì, mo sì bá ara mi lẹ́yìnkùlé ilé mi. Igi àgbálùmọ̀ Àyọ̀ká dúró níwájú mi, òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Mo bojú wẹ̀yìn: ọgbà ilé wa ni mo rí, adìyẹ kan sì dúró lórí rẹ̀.

"Bàbá," Ọ̀jẹ́níyì ní, "àbí ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó—"

Má parí òwe yẹn. Ẹni tí kò bá lọ sí Sókótó, tí wọn ò sì bi í ní ìbéèrè lójú ọ̀nà, bó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà igba, kò ní mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà.

Mo gbé àpótí sídìí igi náà, mo jókòó. Láàárọ̀ mo wà níbẹ̀, lọ́sàn-án mo wà níbẹ̀. Láṣebìkan yọjú lórí ọgbà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti di ẹyẹ ni? Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá yé ẹyin, ẹ pè mí." Mo gbé àpótí mi lọ sídìí igi tirẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí. Lórí igi Láṣebìkan, oyin ń hó yèè láti àárọ̀, wọ́n ń ti orí òdòdó kan bọ́ sí òmíràn. Lórí igi tèmi, èèrà kan níhìn-ín, eṣinṣin kan lọ́hùn-ún, kò sí oyin. Ọdẹ ni mí; bí mo bá rí ẹran, mo máa ń tọ ipa rẹ̀ lọ síbi tó ti ń mu omi. Mo tọ oyin. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti igi Láṣebìkan sí omi tó ń dà sílẹ̀ nídìí kànga, wọ́n ń mu, wọ́n ń gòkè padà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, gbogbo ilẹ̀ ló gbẹ.

Mo padà sídìí igi mi. Ìkòkò ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ìkòkò Àyọ̀ká ni. Láràárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láti da omi sí i. Adìyẹ ló ní òun ń fún. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ìyàwó ilé tó wá bá wa tún agbo ilé ṣe dojú rẹ̀ dé, kí ẹ̀fọn má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe dáadáa. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe adìyẹ nìkan ló ń mu níbẹ̀.

Mo yí ìkòkò náà sókè. Mo pọn omi sí i. Mo jókòó. Kò pẹ́, oyin kan wá, ó mu, ó lọ. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn ará ilé rẹ̀ wá. Àwọn òdòdó tó là kẹ́yìn lọ́dún náà ni wọ́n bà lé.

Igi náà kò ṣọ̀fọ̀. Kò mọ̀ pé Àyọ̀ká kú. Omi rẹ̀ ló mọ̀. Èmi nìkan ni mo ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé yẹn. Mo ti kọ ọ́ pé màá gbà á, mo sì gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jókòó sórí àpótí náà pẹ́ kí n tó dìde. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ká ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe igi náà lóòótọ́, kí ni mo lè ṣe sí i? Omi tí oyin yóò mu ló ń fẹ́, mo sì lè pọn omi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi náà so. Kò so tó ti àtijọ́ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ó so. Láṣebìkan wá wò ó. Ó jẹ ẹ́ títí oje rẹ̀ fi lẹ ètè rẹ̀ pọ̀, kò lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ yẹn ni ilé wa tíì ní àlàáfíà jù. Ṣé ẹ rántí pé mo ṣèlérí pé màá jábọ̀? Mo lọ dúró níwájú ọgbà, mo ní, "Omi ni." Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọgbà, ohùn pẹ̀lẹ́: "Bàbá, èéṣe tí oyin fi lè fi odò sílẹ̀ wá mu omi inú ìkòkò?"

Mo ní kó lọ bi àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìnkùlé. Òun nìyí. Ẹ ṣa èyí tó bá jábọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má gbọn ẹ̀ka, kí ẹ sì rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò yẹn, ó lóníǹkan. Tinúadé, o ò tíì mú. Mú èyí. Kí lo fẹ́ mọ̀?

Ó pa àgbálùmọ̀ náà, ó mu ún, ó ronú. Ó ní, "Bàbá, nílé-ìwé tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ ọjà. Àwọn kíláàsì yòókù kì í pẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á."

"Ṣé o ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo rò pé àwọn ìyá wọn ló ń—" Ó tu kóró àgbálùmọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó. "Rárá, bàbá. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Nu ọwọ́ rẹ, kí oje má ba ìwé jẹ́, kí o lọ kọ ọ́.

Ibí ni ìtàn mi gbà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀, kó já ewé tirẹ̀ lélẹ̀ ní oríta.